Onífítámì àti Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Tó Jẹ́ Télọ̀

Ní ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọtí ti sọ di ẹrú, obìnrin kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Onífítámì. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ìmọ̀ nípa oúnjẹ ló kọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga: ohun tó yẹ kí aláìsàn máa jẹ, àti ohun tí ojú ara máa ń rí nígbà tí kò bá rí i jẹ. Àwọn aláìsàn ló fún un lórúkọ yẹn, torí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè dá sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti bọ́ọ̀lù tàbí ti òjò, tí kò ní já sí fítámì. Inú kì í bí i sí orúkọ náà. Bí ẹnì kan bá yọjú lẹ́nu ọ̀nà tó ní, "Onífítámì, ẹ káàárọ̀ o, kí la fẹ́ gbé mì lónìí?", á ní kó kọ́kọ́ wá gorí òṣùwọ̀n ná, ká lè mọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀.

Ìsàlẹ̀ ilé náà ni yàrá rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, torí náà inú òórùn ọṣẹ àti ooru áyọ́ọ̀nù ló ti ń ṣiṣẹ́. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, àga méjì, òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ká páálí sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà mì, àti àwòrán inú ara èèyàn lára ògiri. Ibi tí wọ́n ya ẹ̀dọ̀ sí nínú àwòrán náà ti ṣá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, torí gbogbo ẹni tó bá wọlé ló máa ń fi ìka tọ́ ọ, tá á wá rọra béèrè pé ṣé bí tòun náà ṣe rí nìyẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ gbà á láfiyèsí ni pé ebi ló ń pa àwọn èèyàn yìí. Èyí tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú pàápàá, ebi ló ń pa á. Ọtí a máa tan ikùn jẹ, á ní òun ti yó, nígbà tí eegun àti ẹran ara kò rí nǹkan kan gbà. Ẹni tó bá ń fi ọtí ṣe oúnjẹ àárọ̀, tó tún fi ṣe ti ọ̀sán, inú ara rẹ̀ á gbẹ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí wọ́n bá gba abẹ́rẹ́ fítámì ní wọ́ọ̀dù, tí wọ́n sì ń rí ẹyin, ẹ̀wà, ẹja àti èso jẹ lásìkò, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbi fèrèsé. Ojú tó ń sáré kiri á fara balẹ̀. Gbogbo dókítà ibẹ̀ ló mọ èyí, kò sì jọ wọ́n lójú mọ́.

Ohun tí Onífítámì ń rò yàtọ̀ sí ìyẹn. Ó ń bi ara rẹ̀ pé, bóyá ebi yìí gan-an ló ń fà wọ́n padà sídìí ọtí? Bí ara bá ń wá nǹkan kan, tí kò mọ orúkọ tí nǹkan náà ń jẹ́, ṣé kò lè máa pè é ní ọtí? Awakọ̀ kan tó wà ní wọ́ọ̀dù nígbà náà tún ti fi kún un. Ọkùnrin náà sọ fún un pé ní ọ̀sẹ̀ tóun bá jẹun kánú, ọtí kì í pariwo pe òun, ńṣe ló máa ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ó rí i pé òun kọ́ ló kọ́kọ́ rò ó: àwọn kan ti gbìyànjú rẹ̀ níbi púpọ̀, àwọn kan búra pé ó ṣiṣẹ́, àwọn mìíràn ní àlá lásán ni. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí wọn kéré débi pé kò ṣeé gbé síwájú àwọn àgbà.

Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ìyá rẹ̀, tí iṣẹ́ télọ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ọkùnrin yìí ló máa ń gbé e pọ̀n lọ sílé ìwé nígbà òjò kí bàtà rẹ̀ má baà tutù, òun náà ló sì rán gbogbo aṣọ tó wọ̀ títí tó fi jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga. Kóòtù ọkùnrin ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé bí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bá wọ kóòtù tí Télọ̀ rán, á dúró ṣánṣán bí òpó. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tí ọtí bẹ̀rẹ̀. Òun àti àwọn oníbàárà ló kọ́kọ́ ń jókòó tì í lẹ́yìn iṣẹ́. Nígbà tó yá ó di ohun tó ń mu kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ọwọ́ rẹ̀ lè dúró. Nígbẹ̀yìn, bí kò bá tíì fi ọtí sí ikùn, kò lè fi òwú wọ ojú abẹ́rẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí tirẹ̀. Kò ní òun kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà wá. Télọ̀ wá ń gbé nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun àti ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tí ọ̀kan nínú wọn kò ṣiṣẹ́.

Nígbà tí Onífítámì gbé ọ̀rọ̀ ìwádìí náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Dókítà Àgbà, ọkùnrin náà gbọ́ ọ dé òpin láìdá sí i. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kì í yára gba nǹkan gbọ́, kì í sì í yára pe nǹkan nírọ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní, "Mi ò rò pé ó máa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rò kì í ṣe ẹ̀rí. Jẹ́ ká dán an wò, ká sì dán an wò dáadáa."

Bí wọ́n ṣe máa dán an wò kò le láti lóye. Wọ́n á wá àwọn tó ti jáde ní wọ́ọ̀dù, tí wọ́n fẹ́ fi ọtí sílẹ̀. Ìdajì wọn á máa gbé hóró fítámì gidi mì, ìdajì á máa gbé hóró òfìfo, èyí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ìyẹ̀fun lọ. Hóró méjèèjì á jọra bí ìbejì. Aláìsàn kò ní mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, Onífítámì fúnra rẹ̀ kò ní mọ̀. Apoògùn ilé ìwòsàn nìkan ló máa mọ̀, kò sì ní sọ títí ìwádìí á fi parí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n á máa wá, àwọn nọ́ọ̀sì á wọn ìwúwo wọn, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára wọn, wọ́n á bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mu. Kí wọ́n má baà fa ẹ̀jẹ̀ lára wọn nígbà tí ikùn wọn ṣófo kí òòyì wá kọ́ wọn, Onífítámì ní kí wọ́n máa fún wọn ní oúnjẹ, kí gbogbo wọn jọ jókòó sídìí tábìlì gígùn kan. Dókítà Àgbà wá fi òfin kan kún un: ẹnikẹ́ni tó bá bá òṣìṣẹ́ tan kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀. Ó ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Onífítámì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ.

Ìyá wọn ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Télọ̀ náà máa ń wá jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, á ti fá irùngbọ̀n, á ti ki péńsílì ìlàṣọ rẹ̀ bọ àpò bí ẹni tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jókòó ni Onífítámì máa ń sọ nípa ìwádìí yìí, inú rẹ̀ á máa dùn, ọwọ́ rẹ̀ á máa fò sókè sódò. Ìyá wọn á máa gbọ́, á máa ṣe hẹ̀n-ẹ̀n. Télọ̀ kì í gbójú sókè kúrò lórí àwo rẹ̀. Wọ́n rò pé kò fetí sí i. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ṣíbí sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìgbà wo ni kí n wá?"

Àbúrò rẹ̀ mi orí pé rárá. "Bọ̀dá mi, wọn ò lè gbà yín."

"Kí nìdí?"

"Torí pé èmi ni mò ń ṣe é. Bí ara yín bá yá, wọ́n á ní mo fẹ́ kó yá ni mo ṣe rí i bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sì yá, ọkàn mi ò ní gbé e láti kọ ọ́ sílẹ̀."

"O fẹ́ wo ẹni tí o ò mọ̀ rí sàn."

"A ò tíì mọ̀ bóyá ó ń wo ẹnikẹ́ni sàn. Ìyẹn gan-an la fẹ́ mọ̀."

"Ìwọ mọ̀," Télọ̀ ní. "Mo rí i lójú ẹ."

Kò pariwo. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá wọn fún oúnjẹ, ó ti àga rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó lọ. Àbúrò rẹ̀ sáré bá a dé ẹnu géètì, ó ní kó jẹ́ káwọn gbà á sí wọ́ọ̀dù bí wọ́n ṣe ń gba gbogbo èèyàn, pé ìyẹn kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ìwádìí. Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní òun kì í ṣe aláìsàn tó ń sùn ní bẹ́ẹ̀dì, ohun tó ń ṣe òun kò ju ohun tí hóró kékeré lè yanjú lọ. Àbúrò rẹ̀ mọ ibi tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnu òun náà ló ti jáde.

Ìwádìí bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn èèyàn náà máa ń wá di ọjọ́ ẹ̀fẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ilé náà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà pé ìyẹ̀fun lòun ń gbé mì. Wọ́n ń gbóòórùn hóró, wọ́n ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ń gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ ẹyin wò. Bírikìlà kan búra pé gidi ni tòun, torí pé ó korò, òun ò sì tíì rí irọ́ tó korò rí láyé òun. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Òun ní tòun kò lórí kò nídìí, irọ́ ni wọ́n fún òun, ṣùgbọ́n òun á máa wá torí ẹyin. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Bí ọ̀kan bá pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, àwọn yòókù á béèrè rẹ̀. Nígbà mìíràn, wọ́n á rán ẹnì kan lọ wò ó nílé.

Ní àkókò kan náà, Télọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta fítámì. Ìgò tò lọ bẹẹrẹ lára ògiri níbẹ̀, wọ́n fi iná sí ẹ̀yìn wọn kí àwọ̀ wọn lè dán. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú télọ̀ tó mọ aṣọ tó dára láàárín ọ̀pọ̀ ló fi ṣà wọ́n, ó mú oríṣiríṣi. Nílé, ó ń dà wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń gbé wọn mì lẹ́kùnwọ́. Ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ló lò: aṣọ tó pọ̀ jù ṣeé gé, èyí tó kéré ni kò ṣeé fà. Kò sì dá ọtí dúró. Ní ọkàn rẹ̀, hóró ń ṣọgbà yí ẹ̀dọ̀ ká, ọtí kò lè kọjá mọ́, nígbà tó bá sì yá, ọtí fúnra rẹ̀ á sú u. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọ̀kan nínú àwọn ìgò náà ni fítámì tó wà fún ojú. Ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n bó bá ti pọ̀ jù, ńṣe ló máa ń lọ jókòó sínú ẹ̀dọ̀. Bí òun àti ọtí bá pàdé níbẹ̀, ọ̀rẹ́ burúkú ni wọ́n máa ń ṣe.

Ọjọ́ ìsinmi méjì kọjá tí kò yọjú wá jẹun. Ìyá wọn wé gèlè rẹ̀, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó bá a lórí àga, sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ kankan kò sí níwájú rẹ̀. Funfun ojú rẹ̀ ti dà bíi pupa ẹyin. Àwọn ìgò náà wà lórí ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́. Ìyá náà kó gbogbo wọn sínú ọ̀rá, ó fà á dìde, ó sì pe ọmọ rẹ̀ obìnrin lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó ń sọ ohun tó fẹ́ rà lọ́jà. "Mò ń gbé ẹ̀gbọ́n ẹ bọ̀. A ti wọ mọ́tò. Má bá a jà tó bá dé o."

Onífítámì kò bá a jà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á sí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ti fa omi sí i lára, ó da àwọn ìgò náà jáde látinú ọ̀rá, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sí ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí èyí tó jẹ́ ti ojú, ó gbé e sílẹ̀, ó jókòó. Ibẹ̀ ni Dókítà Àgbà bá a. Ó wo ìgò, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo ojú obìnrin tó jókòó, ó sì wo ojú ọkùnrin tó dùbúlẹ̀. Wọ́n jọra ní imú àti iwájú orí.

"Ọmọ ìyá ẹ ni?"

"Ọmọ ìyá mi ni, sà."

Dókítà Àgbà fa àga kan, ó jókòó tì í. Kò bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ. Ó ní ẹ̀dọ̀ a máa ní sùúrù ju ẹni tó ni í lọ, pé ohun tó kù ni kí wọ́n dá gbogbo nǹkan dúró, ọtí àti hóró, kí wọ́n sì máa wò ó.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e le. Bí ọtí ṣe ń kúrò lára Télọ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì dúró tì í, wọ́n ń fún un ní oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbígbọ̀n náà ló dun Onífítámì jù. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Télọ̀ dùbúlẹ̀, ó pajú dé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wá ń ránṣọ nínú afẹ́fẹ́. Ó ń fa òwú tí kò sí, ó ń so kókó sí ìparí rẹ̀, ó ń fi eyín já a. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àbúrò rẹ̀ jókòó tì í, kò dá a dúró.

Nígbà tí orí rẹ̀ wálẹ̀, tó ti lè jókòó kó mu ọbẹ̀ fúnra rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"O ò bá mi wí."

"Kí ni kí n wí?"

Ó yí ṣíbí nínú abọ́ fún ìgbà díẹ̀. "Mo rò pé tí mo bá ṣáà ń gbé e mì, ọtí á dìde lọ fúnra ẹ̀. Pé mi ò ní láti ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́ jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kó ti lọ."

"Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀," àbúrò rẹ̀ ní. "Mo fẹ́ fún yín ní nǹkan kan tí ẹ máa fi omi gbé mì, kó sì tán síbẹ̀. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè fún yín, Bọ̀dá mi."

Télọ̀ bojú wo fèrèsé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní ọbẹ̀ náà kò níyọ̀. Àbúrò rẹ̀ sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sè é níbẹ̀, òun ló sì ní kí wọ́n máa sè é bẹ́ẹ̀. Télọ̀ ní àṣé àbúrò òun ni ọ̀tá tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa jọ rẹ́rìn-ín nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìyá wọn wà lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí, ó ń bó ọsàn. Nígbà tí Onífítámì jáde wá jókòó tì í, ó fún un ní ìdajì. Ó ní òun bí àwọn méjèèjì, òun tọ́ wọn, òun ò mọ̀ pé wọ́n jọra tó báyìí. "Ìkánjú yín bákan náà ni. Ọ̀kan ń wá ọ̀nà àbùjá nínú ìgò yìí, ìkejì ń wá a nínú ìgò tọ̀hún." Ó wá ní kó jẹ ọsàn rẹ̀, pé ṣebí òun náà ló máa ń sọ pé fítámì pọ̀ nínú rẹ̀.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìwádìí parí. Apoògùn mú àpòòwé tó ti lẹ̀ pa wá, ó sì tú àṣírí hóró síta lójú Onífítámì àti Dókítà Àgbà. Ìyẹ̀fun ni Bírikìlà tó búra ń gbé mì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gidi ni ti olùkọ́. Nígbà tí wọ́n sì to gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìyàtọ̀ kankan kò sí láàárín ọtí tí àwọn ti hóró gidi mu àti èyí tí àwọn ti ìyẹ̀fun mu. Àwọn tó gbé fítámì mì ń sùn dáadáa díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kì í sì í ta wọ́n bíi tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọtí, kò sí. Onífítámì dúpẹ́ lọ́wọ́ Apoògùn. Ó jáde lọ síbi okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó dúró láàárín aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kò sì sẹ́ni tó tọ̀ ọ́ lọ.

Ọkùnrin kan wá láti ilé iṣẹ́ tó fi hóró náà ta wọ́n lọ́rẹ. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, ó wọṣọ tó dára, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Kò ní kí wọ́n purọ́. Ó kàn ní, ṣé kò ní dáa kí àbọ̀ ìwádìí bẹ̀rẹ̀ látorí oorun àti ẹsẹ̀, torí ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, kí ọ̀rọ̀ ọtí wá tẹ̀ lé e lẹ́yìn, nísàlẹ̀, fún ẹni tó bá fẹ́ kà á débẹ̀? Dókítà Àgbà ní òun kọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà, kí wọ́n bi ẹni tó ṣe é. Onífítámì ní òun á rò ó.

Ó rò ó lóòótọ́. Ó rántí pé ọ̀rọ̀ tó dùn létí ni ẹ̀gbọ́n òun gbọ́ nídìí oúnjẹ, tó sì gbé e mì pẹ̀lú ìgò mẹ́fà. Ní ọjọ́ ìpàdé, níwájú àwọn dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì àti ọkùnrin pẹ̀lẹ́ náà, ó dìde, kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"A fẹ́ mọ̀ bóyá hóró yìí á mú kí èèyàn dín ọtí kù. Kò mú un dín kù. Bí ẹnì kan bá bi yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un kó tó lọ rà á."

Lẹ́yìn náà ló tó sọ ti oorun àti ti ẹsẹ̀, ó sì ní kí wọ́n má dẹ́kun láti máa fún àwọn aláìsàn ní fítámì tí ara wọn ṣaláìní, torí ìyẹn wúlò fún ara, bí kò tiẹ̀ wúlò fún ọtí. Ó fi ohun kan parí rẹ̀ tó ní òun kò lè ṣàlàyé. Àwọn ti hóró gidi àti àwọn ti ìyẹ̀fun, gbogbo wọn ni ọtí wọn dín kù sí ti ìgbà tí wọ́n wọlé. Ó lè jẹ́ tábìlì. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń béèrè wọn bí wọn kò bá wá. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó bá ti ṣe tán láti jáwọ́ ló máa ń gbà láti wá. Òun kò mọ̀, òun sì fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kóun wádìí rẹ̀. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ náà ká ìwé rẹ̀, ó bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò sì fi hóró ránṣẹ́ mọ́. Ohun tí Dókítà Àgbà sọ kò ju pé ìbéèrè kejì yìí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ojú Télọ̀ mọ́ padà. Ó gbà láti dúró ní wọ́ọ̀dù títí wọ́n fi ní kó máa lọ, ó sì ń bá àwọn ọ̀mùtí yòókù jókòó láti sọ̀rọ̀, ohun tó ti bú tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ àwọn aláìníṣẹ́ ni. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tó jáde. Ọjọ́ tí àkọ́bí rẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, tí wọn kò pè é, ló wọ ilé ọtí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi gbé ara rẹ̀ padà wá sí wọ́ọ̀dù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dúró bíi ti àtijọ́. Kóòtù ti kọjá agbára rẹ̀. Kọ́tìnì àti aṣọ ilé ìwé ló ń rán báyìí, ojú rírán wọn a máa tọ́, àwọn èèyàn sì ń wá. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì padà, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n bá a to bọ́tìnnì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Onífítámì wà ní yàrá rẹ̀, ó ń wọn ẹni tuntun kan tó wá fún ìwádìí kejì, fóònù rẹ̀ bá dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó ní òun ti gbé kọ́tìnì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni í, òun sì dúró báyìí ní iwájú ilé ọtí kan, pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tóun ti dúró. Onífítámì ní kó ṣáà dúró síbẹ̀. Ó bẹ ẹni tuntun náà pé kó má bínú, ó ní kí nọ́ọ̀sì bá òun parí rẹ̀, ó bọ́ sọ́nà.

Ó bá a lábẹ́ ibòòji kan ní òdìkejì títì, Télọ̀ fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn, ó ń lọ́ ọ mọ́ ìka. Àbúrò rẹ̀ bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní rárá, láti àárọ̀. Wọ́n rìn dé ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì àti ẹyin díndín, wọ́n rà á, wọ́n jókòó lórí pákó tó wà níbẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́. Wọn kò sọ̀rọ̀ ọtí. Télọ̀ ń sọ fún un nípa obìnrin tó ni kọ́tìnì, bó ṣe ní kí òdòdó inú rẹ̀ máa kọjú síta kí àwọn aládùúgbò lè rí i, tí òun sì sọ fún un pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n á máa wò nínú ilé. Àbúrò rẹ̀ bi í pé kí wá ni wọ́n ṣe. Ó ní òun rán an lójú méjèèjì. Nígbà tí wọ́n jẹ tán, ó gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó ní ẹnì kan ń bọ̀ wá gba aṣọ ilé ìwé ní ìrọ̀lẹ́, òun ò sì tíì ṣẹ́ etí rẹ̀. Ó gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Onífítámì dúró títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.